Agbè tó Wà ní Yàrá Òòrẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin àlejò, ẹ kú ìjókòó o. Èmi ni Ọdẹ́yalé, ọmọ Òkè-Àyìnrín, ọdẹ tí irun rẹ̀ di funfun nínú igbó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọjọ́ tí mo rí oògùn tí ọwọ́ mi kò tó, tí ikú sì wà lẹ́sẹ̀ mi.

Paramọ́lẹ̀ ló bù mí ṣán lọ́sàn-án gangan, mo sì ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni ń wọ́ ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, títí mo fi ṣubú síwájú ilé Òòrẹ̀ Àgbà, ẹranko tí ẹ̀gún bo gbogbo ara rẹ̀. Òun ti lọ oko; ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ẹ̀gúngbayì, ló ń gbálẹ̀.

Ó kúnlẹ̀. “Ẹ kú ewu, bàbá ọdẹ. Omi ìkòkò ìta yìí, ti gbogbo ayé ni, ẹ mu. Oògùn oró wà nínú agbè ní yàrá, àmọ́ àlejò kì í wọ ibẹ̀.”

Mo mu omi, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ràn. Mo na ọwọ́ sí yàrá, ilẹ̀kùn sì padé gbà bí ẹnu ọ̀nì, díẹ̀ ló kù kó gé mi lọ́wọ́!

Mo ké: “Ṣebí ọmọ ilé ni ọ́, bù ú fún mi!”

“Ti bàbá mi nìyẹn, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní ṣí fún mi. Irú yàrá yìí àti agbè rẹ̀ ni mo jogún sí ilé tèmi. Ibẹ̀ lọwọ́ mi tó. Ti àbúrò mi pàápàá, n kò lè wọ̀ ọ́.”

Ó sáré lọ sílé rẹ̀ lẹ́yìn odò, ẹ̀gún rẹ̀ ń dún ṣaworo-ṣaworo, ẹ̀rù ikú sì ń bà mí gidi. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu oògùn, ó gbé e jáde, ó sáré padà, ó dà á sí mi lẹ́nu. Kí n tó fọhùn, ẹsẹ̀ mi ti fúyẹ́.

Mo bi í pé ewé wo ni.

“Ó wà nínú àpótí bàbá mi. Irú àpótí náà wà nílé tèmi, òun ló ń jẹ́ kí agbè mi kún, ṣùgbọ́n n kò rí inú rẹ̀ rí. Bàbá mi nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i.”

Òòrẹ̀ Àgbà dé láti oko, mo sì bi í pé kí ló dé tí agbè kò sí níta fún gbogbo ayé. Ó rẹ́rìn-ín. “Ṣé ẹ rí ìkòkò ìta yẹn? Àárọ̀ yìí ni mo pọn ọ́n kún, àwọn ọ̀bọ sì ti fọ ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ká ní ìta ni agbè wà, omi ẹsẹ̀ ọ̀bọ lọmọ mi ì bá dà sí yín lẹ́nu.”

Mo rántí pé mo ti mu nínú ìkòkò náà, mo tutọ́ títí. Ṣùgbọ́n orí mi wú sí ọgbọ́n ilé yẹn, ó ń wú títí dòní.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, mo gbọ́ pé irú ilé yìí lẹ̀yin náà ń kọ́: ohun kan fún gbogbo ayé, òmíràn fún ìran tó jogún rẹ̀, òmíràn fún onílé nìkan. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pè yín láhun. Ẹsẹ̀ tí mo fi rìn wá síbí yìí, yàrá tí wọ́n tì mọ́ mi ló gbà á là.

Ó dìgbóṣe o. Paramọ́lẹ̀ kò ní pàdé yín lọ́nà.