Ìgbòkun Kejì Ràímì

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Orí ọ̀sà ni Ràímì apẹja ti mọ̀ ọ́n. Ó so ọkọ̀ kéékèèké méjì pọ̀, ó ta ìgbòkun sí i, síbẹ̀ ẹ̀yìn ló máa ń wà nínú ìdíje ọdọọdún. Ni Sífáwù ìyàwó rẹ̀ bá rán ìgbòkun kejì, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gbàgẹ̀rẹ̀ tí wọn yóò so síwájú ọkọ̀.

"Bàbá Múrí, ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ."

"Èmi nìkan ti tó."

Nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, aṣọ náà wú bí òṣùpá àrànmọ́jú. Inú Ràímì dùn bíi pé ó ń fò. Ṣùgbọ́n bó ti di okùn aṣọ mú, àjẹ̀ tó fi ń tọ́kọ̀ bọ́. Bó ti gbá àjẹ̀ mú, okùn sá lọ. Ọkọ̀ pòyì, ó sì dorí kọ èbúté.

"Ìyá Múrí, gbà mí o!"

Sífáwù, tó dúró ní èbúté, wọdò, ó gun ọkọ̀, ó di okùn mú. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ lójú omi bí àlá, ó ń kọjá àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ariwo èrò fi di kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn wọn.

"Ṣé òpó òpin ìdíje ṣì jìnnà?" ni Ràímì bèèrè.

"A ti kọjá rẹ̀ tipẹ́," ni Sífáwù wí, kò sì tú okùn náà sílẹ̀.