Obì Ààlà Láṣebìkan

Láṣebìkan lágbára bí ẹṣin, agídí rẹ̀ sì ju agbára rẹ̀ lọ. Ọkọ́ mẹ́ta ni ń kán mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́dún. Ní Òkè-Pákó tí ó ń gbé, igi obì ni wọ́n fi ń pààlà oko. Ẹni tí igi ààlà rẹ̀ bá kú gbọ́dọ̀ gbin òmíràn. Bí èyí kò bá sì tíì yọ ewé tuntun kí Mọ́gàjí tó wá yẹ ààlà wò lẹ́yìn ìkórè, ẹni tí oko wọn jọ pààlà láṣẹ láti sún ààlà wọnú oko ẹni tí igi rẹ̀ kú.

Ìjì wó obì Láṣebìkan. Ó gbin òmíràn, ṣùgbọ́n ọmọ igi náà kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, ewé méjì péré tó wà lórí rẹ̀ sì ti ń pọ́n. Fátúkàsí, tí oko wọn jọ pààlà, dúró wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Láṣebìkan, ṣé obì nìyí àbí igi ìtayín?”

Inú bí Láṣebìkan. Ó da ìgbẹ́ adìyẹ tútù jọ sídìí igi náà, ó sì fi ọmọ odó gún ilẹ̀ yí i ká kí afẹ́fẹ́ má baà mì í. Lọ́jọ́ kẹta, ewé kan já bọ́.

Abíọ́nà ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. “Bàbá Morẹ́nikẹ́, ẹ gbé iyán fún ọmọ tí kò tíì hu eyín!”

“Ṣé mo pè ọ́ sí i ni?”

Abíọ́nà ti kúnlẹ̀ sídìí igi náà. Ó kó ìgbẹ́ adìyẹ kúrò, ó fi ìka tú ilẹ̀ tó ti le, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ìbòòji fún un, ó sì ń bu omi sí i díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀. Nígbà tó yá, ewé tuntun yọ, ó ká jọ bí ẹní tí wọn kò tíì tẹ́.

Àárọ̀ àti alẹ́ ni Láṣebìkan ń dúró tì í. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kí Mọ́gàjí dé, sùúrù rẹ̀ tán.

“Ṣí, jàre!” Ó ki èékánná bọ ewé náà láti tú u. Ewé ya, ó sì já sí i lọ́wọ́. Ọkùnrin ńlá yìí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Abíọ́nà, mo ti bà á jẹ́.”

Abíọ́nà wò ó fínnífínní. “Ojú kan tí ewé lè gbà yọ ṣì wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún fọwọ́ kàn án, ilé bàbá mi ni mò ń lọ.”

Láti ọjọ́ náà, Láṣebìkan kò ṣe ju kó bomi rin ín lọ. Á gbé igbá bí ẹni gbé ẹyin, á bu díẹ̀ sí i, á yáa gba ìkángun oko kejì lọ kí ọwọ́ má baà máa yún un.

Lọ́jọ́ tí Mọ́gàjí dé, Fátúkàsí ti gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Mọ́gàjí ká imọ̀ ọ̀pẹ sókè. Ewé kékeré kan wà níbẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì là.

“Fátúkàsí, gbé ọkọ́ rẹ padà sílé,” ni Mọ́gàjí wí. “Láṣebìkan, oògùn wo lo lò sí i?”

“Ẹ bi Ìyá Morẹ́nikẹ́, bàbá. Èyí tí èmi fagbára mú, ó ya mọ́ mi lọ́wọ́.”

Ọ̀rọ̀ yìí tàn dé gbogbo oko, àwọn àgbà sì sọ ọ́ dòwe tí a ń pa títí dòní pé: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.