Ohùn Tó Dé Ìdí Òpó Iná

Ọkùnrin kan ló ń ṣe àbójútó ọgbà iná ní ìlú kan tí kò jìnnà síbí. Iná tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ lágbára ju ohun tí ilé ẹnikẹ́ni lè gbà lọ. Bó bá wọlé bẹ́ẹ̀, ńṣe ni yóò jó gbogbo ohun tó bá kàn ráúráú. Inú ọgbà yẹn ni ẹ̀rọ ńlá kan ti ń dín agbára rẹ̀ kù, kí wọ́n tó pín in fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ogún ọdún ló ti lò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì fara pa lábẹ́ rẹ̀ rí.

Ìjì wá já wáyà lọ́jọ́ kan. Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni iná ò fi sí. Nílé ìwòsàn, abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ti ń bàjẹ́ lọ nínú fìríìjì. Òṣìṣẹ́ méjì ló wà nídìí àtúnṣe náà: Òjélàdé wà lórí òpó, Ládèjọ sì wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú fóònù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, fóònù ọkùnrin náà kò sinmi. Ààfin pè. Dókítà pè lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ nínú ọgbà, kò lè jókòó, kò fọwọ́ kan oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ gbé wá. Nígbà tó di aago mẹ́ta, ọ̀gá rẹ̀ pè láti olú ilé-iṣẹ́.

“Ṣé o ti kú síbẹ̀ ni? Tí iná ò bá dé láàárín wákàtí kan, má wá síbi iṣẹ́ mọ́!”

Kí fóònù yẹn tó kúrò létí rẹ̀, ó ti pe Ládèjọ. Ohùn tí wọ́n fi bú u náà ló fi bú ẹni yẹn. Kò dín in kù rárá.

“Ìwọ ọ̀lẹ yìí, ẹ ò tíì sọ̀kalẹ̀ di ìsinsìnyí? Ṣé ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni?”

“A ti sọ̀kalẹ̀, sà,” ni Ládèjọ wí. “A ti parí.”

Òjélàdé ṣì wà lókè. Ibì kan péré ló kù tó fẹ́ so. Ládèjọ rò pé kí ọ̀gá òun tó rìn dé ìdí ẹ̀rọ, òun á ti pe ẹnìkejì òun sọ̀kalẹ̀. Ó gbójú sókè, ó pariwo orúkọ rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ gan-an ni ọkùnrin náà dúró sí. Ó tan iná.

Òjélàdé kò kú, ṣùgbọ́n wọ́n gé apá ọ̀tún rẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Òjélàdé nílé ìwòsàn ni ọkùnrin náà ti bi Ládèjọ pé, “Kí ló dé tó o parọ́ fún mi?”

Ládèjọ ò lè wò ó lójú. “Ẹ̀rù yín ló bà mí, ọ̀gá. Ká ní ẹ rọra bi mí ni, ǹ bá sọ fún yín pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.”

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó pariwo láti ọ̀nà jíjìn fún ọkùnrin náà ní wákàtí kan.

Ìwọ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, tìrẹ ni mo ń sọ. Mo mọ̀ pé àwọn aláṣẹ ò jẹ́ kó o sinmi. Mo mọ̀ pé o ò rí oorun sùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ṣùgbọ́n àárín àwọn aláṣẹ àtàwọn olùkọ́ ni wọ́n fi ọ́ sí, kí ọ̀rọ̀ gbígbóná lè tutù lọ́wọ́ rẹ kó tó kàn wọ́n. Lówùúrọ̀ yìí, mo wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó o jágbe mọ́ olùkọ́ kíláàsì kejì, tó ò ń bi í bóyá wọ́n ti tún ògiri kíláàsì rẹ̀ tó sán ṣe. Mo gbọ́ bó ṣe yára dáhùn pé, “Ó ti parí, sà.” Kó tó sọ ọ́ tán, ó ti ń kúrò níwájú rẹ.

Lọ bá a nísinsìnyí, kí àwọn ọmọ tó wọlé lọ́la. Jókòó tì í. Rọra bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, kó o sì jẹ́ kó lè sọ òótọ́ fún ọ.