Ibi Tí Abẹ́rẹ́ Aago Dé

"A kì í dá abẹ́rẹ́ aago padà kí a tó ka ibi tó dé." Bí ẹ bá ti jókòó rí níbi tí àwọn àgbà Òkè-Ìrókò ti ń parí ìjà, ẹ ó ti gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí náà ń pa á, wọ́n sì ń pa á síbi tó yẹ, ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n pé abẹ́rẹ́ wo, aago ta ni, wọn a máa wo ojú ara wọn. Bẹ́ẹ̀, òwe ọ̀hún kò tíì pé ọgọ́rin ọdún! Ojú mi ló ṣe. Ṣé ẹ̀yin mọ gbòǹgbò rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti aago náà, nítorí ẹni tó jẹ́ pé aago inú fóònù nìkan ló mọ̀, ọ̀rọ̀ mi kò ní í yé e. Aago ọwọ́ kan wà láyé ìgbà náà tó ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ó ń sọ àkókò bíi ti gbogbo aago, ó sì tún ní abẹ́rẹ́ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín tí kì í rìn àfi bí a bá rán an níṣẹ́. Bọ́tìnì méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ ti òkè, abẹ́rẹ́ yóò gbéra. Ẹ tún un tẹ̀, yóò dúró gbọn-in síbi tó bá dé, ẹ ó sì ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹṣin tàbí ènìyàn fi sáré. Bí ẹ bá wá tẹ bọ́tìnì ìsàlẹ̀, abẹ́rẹ́ yóò fò padà sókè lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bí ẹni pé kò lọ síbì kankan rí. Kò sí bátìrì nínú rẹ̀ o. Irin wẹ́wẹ́ ni, ó lé ní igba ẹyọ, òmíràn nínú wọn kò tó hóró iyọ̀.

Bàbá Aláago máa ń sọ fún wa pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ nílẹ̀ Faransé, nítorí eré ẹṣin ọba wọn, yíǹkì ni abẹ́rẹ́ náà máa ń kán sójú aago. Ẹṣin dé, yíǹkì kán tó! Ohun tó bá kọ sílẹ̀, ó ti kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀yìn náà ni àwọn oníṣẹ́ aago wá ọgbọ́n dá abẹ́rẹ́ padà. Ó ní ní orí òkè Siwisalandi, àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é látijọ́. Bí yìnyín bá bo oko wọn, wọn a jókòó sójú fèrèsé, wọn a máa fi fáìlì rẹ́ irin títí òjò yìnyín yóò fi dá. Bó bá ti ń sọ ọ́, bí ẹni pé òun náà bá wọn jókòó níbẹ̀ ni.

Adéògún ni orúkọ Bàbá Aláago gan-an. Lọ́dọ̀ ará Gold Coast kan ní Èkó ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì ní tábìlì kan tí wọ́n fi gíláàsì bò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ẹ ní láti sún mọ́ ọn kí ẹ tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Oyínadé ọmọ rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi. Ilé wa àti tiwọn kò ju odi kan lọ, àwa méjèèjì la sì jọ máa ń sáré lọ sí odò láràárọ̀. Àbí kí n sọ òótọ́: òun ló ń sáré, èmi ń tẹ̀lé e.

Ẹni tó ni aago tí mò ń sọ yìí ni Ọ̀gbẹ́ni Látúnjí, ọ̀gá tó ń yẹ kòkó wò nílùú wa. Ó ra aago náà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé. Wúrà ni ẹ̀yìn rẹ̀. Háà, aláfẹfẹyẹ̀yẹ̀ ni ọkùnrin yẹn! Bí ẹ bá bi í pé aago mélòó lù, yóò ká apá aṣọ sókè dé ìgúnpá, ìbáà jẹ́ nínú ọyẹ́. A rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń fi í ka iye ìṣẹ́jú tí pásítọ̀ fi gbàdúrà. Ohun tó sì dùn mọ́ ọn jù ni kí abẹ́rẹ́ náà fò padà sókè lójú èrò. Yóò tẹ̀ ẹ́, àwọn ènìyàn yóò ní "Yéè!", yóò tún un tẹ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ṣẹ́. Abẹ́rẹ́ ò padà mọ́. Wọ́n ní kó fi ránṣẹ́ sí òkè òkun, ṣùgbọ́n ta ni yóò wá wà láìní aago lọ́wọ́ fún oṣù mẹ́fà? Ó gbé e lọ bá Bàbá Aláago.

Bàbá Aláago ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó há awò sójú, ó yẹ inú rẹ̀ wò fínnífínní. Òòlù kékeré kan wà nínú irú aago yẹn tí í máa já lu irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n gbẹ́ bí àwòrán ọkàn. Ibi yòówù kí ọkàn náà kọjú sí, òòlù a tì í títí yóò fi padà sí ipò rẹ̀, abẹ́rẹ́ a sì bá a padà. Irin tó ń ti òòlù yẹn gan-an ló ṣẹ́, kò sì sí irú rẹ̀ ní gbogbo Ìbàdàn. Bàbá Aláago gé díẹ̀ lára irin inú giramafóònù tó ti bàjẹ́. Ó fi fáìlì rẹ́ ẹ, ó fi iná kékeré yan án títí àwọ̀ rẹ̀ fi dà bí aró, ó fi òróró àti ewé ìpín dán an. Mẹ́rin ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìkarùn-ún ló gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ṣe é. Oyínadé sọ fún mi pé bí ènìyàn bá sín nínú ilé wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, bàbá òun a kọ́kọ́ fi àwo bo iṣẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó kí onítọ̀hún.

Nígbà tí Látúnjí wá gbà á, Bàbá Aláago fi hàn án.

"Ọ̀gbẹ́ni Látúnjí, ẹ gbọ́ o. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó dúró, ẹ kà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó dá a padà. Bó bá ti padà, èmi tí mo tún un ṣe kò lè bá yín wá ibi tó dé mọ́."

"Bàbá, ṣé ọmọdé ni mí ni?"

"Rárá o. Ọmọdé a máa bẹ̀rù ohun tí kò bá mọ̀."

Ní ọdún 1956 yẹn náà ni aṣàbẹ̀wò ilé-ìwé kan wá láti Ìbàdàn. Ilé-ìwé àwọn olùkọ́bìnrin kan ń wá àwọn ọmọ tó lẹ́sẹ̀ eré. Ọmọbìnrin tó bá yege nínú ìdánwò ìwé, tó sì sá igba yáàdì ó lé ogún láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjìdínlọ́gbọ̀n, yóò kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Oyínadé ti yege nínú ti ìwé. Eré yìí ló kù, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí yóò fi kọjá ìwé mẹ́fà. Aago tó lè ka ìṣẹ́jú àáyá dáadáa kò sí nílùú ju ẹyọ kan lọ, ẹ sì ti mọ ọwọ́ ẹni tó wà.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mo ṣì ń gbọ́ ariwo pápá náà. Oyínadé ò wọ bàtà. Bí wọ́n ṣe fọn fèrè, ó ti lọ! Mo sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, mò ń pariwo orúkọ rẹ̀ títí ohùn mi fi há. N kò rí i kó sáré bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì rí i mọ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ó já okùn. Látúnjí tẹ bọ́tìnì òkè, abẹ́rẹ́ dúró. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ló bá na ọwọ́ sókè kí èrò lè rí i, ó tẹ bọ́tìnì ìsàlẹ̀, abẹ́rẹ́ fò padà, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Aṣàbẹ̀wò ti gbé lẹ́ẹ̀dì lé ìwé. "Mélòó?"

Látúnjí wo aago. Abẹ́rẹ́ wà lókè téńté. Mo rí i tí òógùn bò ó.

"Aago ló yọ̀," ló wí. "Kò dúró. Wọn ò tún un ṣe dáadáa."

Bàbá Aláago kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ síbi tó dúró. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wò ó, aṣàbẹ̀wò ní kò sí àyè. Òfin wọn ni pé bó bá jẹ́ ẹni tó di aago mú ló ṣìṣe, ẹni tó sáré lẹ́tọ̀ọ́ láti sinmi, kó tún un sá lọ́jọ́ mìíràn. Bó bá jẹ́ aago ló yọnu, ojú ẹsẹ̀ ni yóò tún un sá. Ojú ẹsẹ̀ náà ni wọ́n dá Oyínadé padà síbi ìlà, kó tó mí délẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé wa ló di aago mú lọ́tẹ̀ yìí, aago ò sì yọ̀, kò tilẹ̀ mì. Ìṣẹ́jú àáyá méjìdínlọ́gbọ̀n àti ìdá méjì nínú márùn-ún. Ìdá méjì péré! Aṣàbẹ̀wò fa ìlà lórí orúkọ rẹ̀.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé kò sí ẹnì kan tó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí aago tó bàjẹ́ fi ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí ìlú gbé sẹ́nu ni pé Bàbá Aláago ló ba ọmọ ara rẹ̀ jẹ́. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba aago wọn kúrò lórí tábìlì rẹ̀, ìyẹn tó ti tún ṣe àti ìyẹn tí kò tíì fọwọ́ kàn. Oyínadé kò sunkún. Ó kàn fi eré sísá sílẹ̀ ni. Èmi nìkan ló kù tí mò ń lọ sí odò, ó sì dùn mí wọ egungun.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹta, ọ̀ràn náà kò jẹ́ kí Látúnjí sinmi mọ́, ló bá kó àwọn àgbà sẹ́yìn wá sílé wọn, Olóyè Jagun ló ṣíwájú. Ìyá mi ló yá wọn ní ìjókòó. Èmi jókòó ti Oyínadé lórí ẹní.

"Adéògún," Jagun bẹ̀rẹ̀, "ohun tó ti kọjá ti kọjá. Ọ̀gbẹ́ni Látúnjí ní kí o má bínú. Ẹ jẹ́ kí á gbàgbé ẹ̀, kí á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun."

Látúnjí ti dọ̀bálẹ̀, tòun ti kóòtù.

"Mo gbọ́, Olóyè," ni Bàbá Aláago wí. "Kí ni wọ́n ní kí n má bínú sí?"

"Sí ohun tó ṣẹlẹ̀ náà."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Jagun húkọ́. "Ṣé ó wá tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, Olóyè. Bọ́tìnì ìsàlẹ̀ lẹ ń bá wọn tẹ̀ yẹn. A kì í dá abẹ́rẹ́ aago padà kí a tó ka ibi tó dé. Wọ́n ti ṣe é fún ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan lórí pápá. Wọn ò ní ṣe é lẹ́ẹ̀kejì nínú ilé mi. Kí wọ́n kọ́kọ́ kà á."

A kò gbọ́ ohùn rẹ̀ kó le bẹ́ẹ̀ rí. Látúnjí dìde jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Aago ò yọ̀," ló sọ. "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ padà. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn rí i."

"Ó kù."

"Mo parọ́ mọ́ yín, Bàbá. Iṣẹ́ yín pé. Èmi ni mo bà yín lórúkọ jẹ́."

"Ó kù."

Látúnjí wá yíjú sí Oyínadé. "Ọmọ yìí sáré. Èmi ni wọ́n ní kó wò ó, n ò wò ó. Ara mi ni mò ń wò."

Ìgbà yẹn ni Oyínadé bú sẹ́kún, ẹkún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi náà bá a sun ún. Bàbá Aláago jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn kó tó sọ̀rọ̀.

"Ibẹ̀ ló dé," ló wí. "Ẹ lè dá a padà wàyí."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Látúnjí kọ lẹ́tà sí aṣàbẹ̀wò, kò fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́, Jagun sì tẹ̀ka sí i. Wọ́n ránṣẹ́ pe Oyínadé sí Ìbàdàn, ó tún sáré, ó fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n àti ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún parí rẹ̀. Ó ní ẹni tó di aago mú kà á síta, ẹnì kejì yẹ̀ ẹ́ wò, ẹnì kẹta kọ ọ́ sílẹ̀, òun sì dúró níbẹ̀ tí òun ń mí hẹlẹhẹlẹ títí òun fi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe olùkọ́. Ní ti Látúnjí, kò gbé aago rẹ̀ fún ẹlòmíràn tún ṣe mọ́ títí Bàbá Aláago fi papò dà. Gbogbo wọn ti lọ báyìí. Èmi tí mo máa ń kẹ́yìn ni mo tún kẹ́yìn.

Gbòǹgbò òwe náà nìyẹn. Àwọn àgbà máa ń pa á fún ẹni tó bá ń fi "ẹ má bínú" bo ohun tó ṣe mọ́lẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀. Wọ́n sì tún máa ń pa á nígbà tí ọ̀gá tuntun bá dé, tó ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, tí kò béèrè ohun tí ẹni tó ń lọ ti ṣe. A kì í dá abẹ́rẹ́ aago padà kí a tó ka ibi tó dé. Ẹ kà á síta, kí ẹni tó sáré fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.