Ẹkùn Fẹ́ Dá Ẹyẹ Oríta Ní

Ààlọ́ o!
— Ààlọ̀!
Ààlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Òkété lórí.

Ayékòótọ́ nìkan ló mọ ọ̀nà ilé gbogbo ẹranko. Oríta ló ti ń júwe fún àlejò. Erin gbé e lọ sílé, kó lè máa júwe ilé Erin nìkan: "Èmi ni mo tóbi jù!" Lọ́jọ́ tí Òkété ń sọmọ lórúkọ, ọ̀dọ̀ Erin ni àlejò gbé iṣu lọ. Ẹkùn já ẹyẹ náà gbà. Nígbà tí ọmọ Òkété ń gbéyàwó, ọ̀dọ̀ Ẹkùn ni wọ́n yà sí.

Òkété ò bá a jà. Ó gbẹ́ ihò wọ ọgbà Ẹkùn, ó sọ fún Ayékòótọ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ọ̀nà wa kọrin fún mi." Ẹyẹ náà kọ ọ́, Òkété wá fi orin náà kọ́ gbogbo ọmọ inú igbó:

Ilé Òkété ńkọ́?
— Ìdí ọ̀pẹ!

Ẹkùn bú ramúramù: "Ta ló lorin yìí?"

Ẹ̀yin ọmọ, ilé Òkété ńkọ́?
— Ìdí ọ̀pẹ!
Ẹ ò rí i? Kí Ẹkùn wá gbé gbogbo yín pamọ́ ná!