Ọ̀bẹ Nínú Ilé Èrò

Ọkùnrin kan wà tí àwọn olè dá lọ́nà rí, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti jáde nílé mọ́ láìfi ọ̀bẹ há ìbàdí. Mi ò bá a wí. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, yóò sá.

Ó gbọ́ pé wọ́n ti tún ilé èrò àtijọ́ kan ṣe, níbi tí àwọn alájàpá máa ń wọ̀ sí pẹ̀lú ẹrù wọn nígbà tí mọ́tò kò tíì dé. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń tajà nínú yàrá rẹ̀ báyìí: aláró, agbẹ́gilére, ahunẹní. Ó lọ wò ó.

Àwọn tó tún ilé náà ṣe mú àṣà ẹnu ọ̀nà rẹ̀ padà. Láyé ọjọ́un, àlejò kì í mú ohun ìjà wọlé, nítorí àjèjì tí yóò sùn ti àjèjì gbọ́dọ̀ lè di ojú méjèèjì.

Baba tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní, “Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé kò sí ohun ẹnu mímú lára yín?”

“Rárá o, bàbá.”

Ó wí nínú ara rẹ̀ pé ta ló mọ̀ bóyá àwọn yòókù náà ti purọ́ bíi tòun.

Nínú yàrá tó wà lẹ́yìn pátápátá ni kòtò kan wà, ó jìn bíi kànga. Ibẹ̀ ni àwọn alájàpá ń kó ẹrù pamọ́ sí. Wọ́n ṣí i sílẹ̀ kí èrò lè wò ó, wọ́n fi okùn yí i ká, ìyá ahunẹní kan sì ń pàtẹ létí rẹ̀. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Bí èrò ṣe kún ibẹ̀ ni iná lọ.

Òkùnkùn ṣú biribiri. Ẹnìkan figbe ta, gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn. Ọkùnrin náà ń fẹ̀yìn rìn, okùn náà já lẹ́yìn rẹ̀, kò mọ̀. Ni ọwọ́ kan bá gbá a lápá mú pinpin. Ó rò pé olè tún dé. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gé ọwọ́ náà. Ọwọ́ náà kò tú. Ó tún gé e.

Nígbà tí iná dé, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti kọjá etí kòtò. Ìyá ahunẹní ló dì í mú, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn sórí ẹní tó ń tà.

Ìyá náà ní, “Ọmọ mi, o fẹ́ jìn sí kòtò ni.”

Iṣan ọwọ́ náà ti gé. Kò hun ẹní mọ́.

Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí, ọ̀la lò ń lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ parí ìjà níwájú ẹbí. O sì ti múra láti tan fóònù sínú àpò, kí o lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́, ó ti rẹ́ ọ jẹ rí. Ẹ̀rù ń ba èmi náà nítorí rẹ. Bó bá jẹ́ ẹjọ́ lo fẹ́, gba kóòtù lọ ní gbangba. Bó bá jẹ́ ìrẹ́pọ̀ ni, fi fóònù náà sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ lè na ọwọ́ sí ọ lọ́la láti gbà ọ́, kí o sì ti gé e kí o tó mọ ohun tó wá ṣe.