Ta Ló Ka Ẹsẹ̀ Ewúrẹ́?

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Òkè-Àgbède, tí ẹ gbé oúnjẹ fún àlejò, tí ẹ sì sáré sọ pé, "Ẹ má bínú, iyọ̀ rẹ̀ kò tó," àgbàlagbà kan á bi yín pé, "Ta ló ka ẹsẹ̀ ewúrẹ́?" Àlejò á wo abẹ́ tábìlì, kò ní rí ewúrẹ́ kankan. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Mojírádé aránṣọ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún kí ó tó ra ọ̀dà olóròóró àti búrọ́ọ̀ṣì, tí ó ń ya àwòrán bí ó bá ti bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tán. Ọdún mẹ́ta gbáko ni àwọn ará ilé fi ń kí i pé, "Ẹ kú eré." Nígbà tí ilé ìkàwé ìlú ní kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wá pàtẹ, ó gbé èyí tó dára jù lọ nínú àwọn àwòrán rẹ̀ lọ síbẹ̀: ilé alámọ̀ kan, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ díẹ̀, ewúrẹ́ kan dúró níwájú rẹ̀. Ó pinnu pé bí ẹnikẹ́ni kò bá rà á lọ́jọ́ náà, òun yóò kó ọ̀dà òun fún àwọn ọmọ ilé ìwé, òun kò sì ní yàwòrán mọ́ láé.

Ohun kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó ti kọ́kọ́ ya ẹsẹ̀ ewúrẹ́ náà kan síbi tí kò yẹ, ó kun ọ̀dà bò ó, ó ya òmíràn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dà ṣe ń gbẹ, ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ń rọra yọ jáde, bí àbàwọ́n epo lára aṣọ tí a ti fọ̀. Ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún! Láti àárọ̀ ọjọ́ ìpàtẹ náà ni kò ti lè fara balẹ̀. Bí ẹnìkan bá súnmọ́ àwòrán náà, á dìde. Bí onítọ̀hún bá kọjá, á jókòó.

"Jókòó jẹ́ẹ́ jàre, ìwọ ọmọ yìí, o ń já mi láyà," ni Màmá Ìlọ́rí wí, ìyá àgbà tó ń ta ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sán ti pọ́n kí Bàbá Láṣẹ́bìkan, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìntì, tó wá dúró síwájú àwòrán náà. Ó dúró pẹ́. Ó ṣí fìlà lórí.

"Ọmọ mi, èló ni?"

Mojírádé dárúkọ iye kan. Bàbá kò tilẹ̀ ná an, ó ti ń kiwọ́ bọ àpò.

Aránṣọ tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí aṣọ tó lábùkù kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìfi han ẹni tó ni ín. Ogún ọdún ni Mojírádé ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ẹ má baà délé kí ẹ máa bú mi. Ẹ ka ẹsẹ̀ ewúrẹ́ yẹn."

Bàbá súnmọ́ ọn. Ó kà á, ó tún un kà.

"Márùn-ún," ni ó wí.

"Mo lè tún un kùn, sà."

"Ọmọ mi, èmi ò wo ewúrẹ́ rárá. Ilẹ̀kùn yẹn ni mò ń wò. Bí ìyá mi ṣe máa ń ṣí tiwọn sílẹ̀ dè mí nìyẹn, kí wọ́n tó wó ilé náà." Ó tún gbójú sókè wo ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ já bọ́ sórí ewúrẹ́. "Ẹsẹ̀ nìkan ni mò ń rí báyìí."

Ó dé fìlà rẹ̀, ó ní kí Mojírádé má bínú, ó lọ láìra àwòrán náà.

Mojírádé bú sẹ́kún. Màmá Ìlọ́rí tẹjú mọ́ àwòrán náà, ó mi orí.

"Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó ti ewúrẹ́ yìí. Mojírádé, ta ló ka ẹsẹ̀ ẹ̀?"

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Mojírádé kó ọ̀dà rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé bí ó ṣe pinnu. Àwòrán náà ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wá rán aṣọ ló ń sọ pé ilẹ̀kùn yẹn ń pe àwọn wọlé. Òun nìkan ni kì í rí ilẹ̀kùn.

A kò ní kí ènìyàn purọ́ o. Bí wọ́n bá bi ọ́, dáhùn. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá tíì bi ọ́, tí ìka rẹ ti fẹ́ máa nà sí àbùkù tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó, dákẹ́ ná, kí o bi ara rẹ pé: ta ló ka ẹsẹ̀ ewúrẹ́?